Ẹ Má Torí Iṣẹ́ Kan Yí Gbogbo Kọ̀ǹpútà Padà

Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí à ń lò ní Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, tokunbọ̀ ni. Wọ́n ti lò ó ní ọ́fíìsì kan lókè òkun títí ó fi sú wọn, wọ́n tà á, ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Èkó, àwa náà sì rà á tayọ̀tayọ̀. A máa ń yẹ bátìrì rẹ̀ wò, a sì máa ń tẹ gbogbo kíì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a kì í yẹ̀ wò ni ìlú tí ẹ̀rọ náà rò pé òun wà. Mo ti ra ọ̀kan rí tó gbà pé Chicago ni òun ṣì ń gbé. Bí wọ́n bá ń pe ìrun Àlàásárì ní Bẹẹrẹ, tirẹ̀ á máa sọ pé aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá àárọ̀ ló lù. Ó tún gbà pé ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ni à ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 216, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 279. A4 tí àwa ń rà, 210 ni fífẹ̀ rẹ̀, 297 ni gígùn. Ẹni tó bá ti tẹ ìwé ètò òkú àgbà rí ló mọ ohun tí mílímítà mẹ́fà lè fi ojú orúkọ ọmọ olóòkú tó wà ní ìparí ìlà rí.

Ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ mi, láti ayé taipuráítà, ní ọ̀nà tó gòkè láti Bẹẹrẹ lọ sí Mápó. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti nikai, ìwé ètò ìwúyè Mọ́gàjì, ìbéèrè àtijọ́ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB: gbogbo rẹ̀ ni à ń tẹ̀. Linux ni mo fi sórí kọ̀ǹpútà mi, torí ayédèrú Windows tí fáírọ́ọ̀sì ń gbé inú rẹ̀ ti sú mi pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ bá àwọn ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi sọ, àwọn tó ń gba ọmọ-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kárí Ìbàdàn. Ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí láti máa tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n tún un tò nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ló wà níwájú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Lẹ́yìn gbogbo àwòrán àti bọ́tìnnì tí ọmọdé ń tẹ̀, fèrèsé dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní terminal. Ọ̀rọ̀ ni èèyàn ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe àwòrán ló ń tẹ̀. Ẹ kọ date, ẹ̀rọ á sọ ọjọ́ àti aago. Ẹ kọ sort, á to orúkọ. Ẹ kọ lp, á fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kí àwọn àṣẹ wọ̀nyí tó ṣe ohunkóhun, wọ́n á kọ́kọ́ wo àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké kan tó yí wọn ká: ìlú wo la wà? Èdè wo là ń sọ? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wo ni ká lò? Inú àpótí wo ni ká ti wá prógíráàmù? Environment variable ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan ni, àmì ìdọ́gba tẹ̀ lé e, ohun tó dúró fún tẹ̀ lé ìyẹn, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo kankan láàárín wọn. Ẹ kọ env, gbogbo wọn á jáde síwájú yín bí àwọn ará ilé tí wọ́n gbọ́ pé àlejò dé. Àwọn ará Bell Labs ní Amẹ́ríkà ló fi wọ́n sínú Unix ní 1979, Linux sì bá wọn níbẹ̀.

Ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ wọ̀nyí ń gbà láti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Bí prógíráàmù kan bá pe òmíràn dìde, òbí àti ọmọ ni wọ́n. Kì í ṣe èmi ló sọ bẹ́ẹ̀, bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe ń pè é nìyẹn. Ọmọ á gba ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà ní àyíká òbí. Bí ó bá yí tirẹ̀ padà, ti òbí kò yẹ̀. Bí òun náà bá bí ọmọ, èyí tó yí padà ni yóò fi lé ọmọ yẹn lọ́wọ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ọmọ lọ, àyíká rẹ̀ sì bá a lọ. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ kí àṣẹ kan ṣe bí ẹni pé London ló wà, mi ò ní láti gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí London. Iwájú àṣẹ náà ni n ó kọ ọ́ sí, lórí ìlà kan náà:

TZ=Europe/London date

Ó sọ aago London fún mi. Bí mo bá kọ date lásán lẹ́yìn ìyẹn, aago Ìbàdàn ni. Ẹ̀rọ kò rántí London mọ́. Ẹni tó ń lọ òde ìyàwó a máa wọ agbádá tirẹ̀, kì í pàṣẹ pé kí gbogbo agboolé wọ agbádá sùn.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé ni. Oníbàárà á wá tẹ ìwé ìpè, á ní òun fẹ́ kí a kọ àkókò tí àwọn ará London àti Houston yóò fi máa wo ètò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà ooru wọn, aago London àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù wọn, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Ẹni tó bá ń fi orí ṣírò rẹ̀ yóò ṣì í lọ́jọ́ kan. America/Chicago ni mo máa ń kọ fún Houston. Africa/Lome ni fún Togo, tí wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin tó wà láàárín àwa àti Togo, aago kan náà ni wọ́n ń lò pẹ̀lú wa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí TZ yìí, torí ó dùn mọ́ mi. Àkójọ ìtàn aago gbogbo ayé kan wà nínú kọ̀ǹpútà, tí Arthur David Olson bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí àwọn èèyàn kárí ayé sì ń tún ṣe títí dòní. Tiwa níbẹ̀ ni Africa/Lagos. Ó mọ̀ pé ní 1913, ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35 ni aago Èkó fi ṣáájú ti Greenwich. Ó mọ̀ pé nígbà tí 1914 wọlé, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àti pé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ni a bọ́ sórí wákàtí kan gbáko tí a wà títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, aago náà ti pé ọdún mẹ́wàá. Ká ní oòrùn nìkan la fi ń ṣírò ni, aago Ìbàdàn ì bá fi bí ìṣẹ́jú méjì ṣáájú ti Èkó, torí apá ìlà-oòrùn Èkó la wà. Fáìlì Africa/Lagos kan náà ló ń sin Porto-Novo, Niamey, Douala, Kinshasa àti Luanda.

Ọ̀kan nínú ọmọ-iṣẹ́ mi, ọmọ bíbí Bẹ́yẹrúnká ní Ìbàdàn níbí, kò fẹ́ gbọ́ Lagos sétí. Ó ní kí ló dé tí kì í ṣe Ìbàdàn? Ó kọ ọ́ báyìí:

TZ=Africa/Ibadan date

Kọ̀ǹpútà kò bá a jà. Kò sọ pé òun kò mọ Ìbàdàn. Ó rọra fún un ní aago Greenwich, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn, ó sì kọ Africa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé orúkọ aago kan nìyẹn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Mo bi í léèrè: ká ní inú ètò kọ̀ǹpútà lo lọ fi Africa/Ibadan sí títí ayé ńkọ́, tí gbogbo rìsíìtì wa ń fi wákàtí kan ṣìnà láti òní lọ? Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àṣìṣe tó wà níwájú àṣẹ kan, àṣẹ yẹn nìkan ló ń bàjẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Méjì ni mo ní ní ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ èyí tó ń tẹ dúdú ní dudu, mo sọ aláwọ̀ ní awo, láìsí àmì ohùn, torí ẹ̀rọ kò fẹ́ wàhálà. Ìbéèrè JAMB, lẹ́tà, ìwé ẹ̀bẹ̀, dudu ni. Ètò ìwúyè tí àwòrán Mọ́gàjì wà lójú rẹ̀, awo ni, ẹni tó bá sì ń ra íǹkì aláwọ̀ mọ ìdí tí mo fi ń ṣọ́ ọ bí ẹyin. Ọmọ àbúrò mi bá mi kọ prógíráàmù kékeré kan, tewe ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ka ojú ìwé, ó ń ṣírò owó, ó ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò pe lp pé kó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó ti dárúkọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí lp bá bá ní àyíká rẹ̀ ni yóò lò.

Ọmọ-iṣẹ́ kan tó ti kọ́ṣẹ́ díẹ̀ níbòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ní láti tẹ ètò ìwúyè kan. Ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: ó ṣí ètò ẹ̀rọ, ó sọ awo di ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún gbogbo ilé, ó tẹ iṣẹ́ náà, iṣẹ́ sì dára gan-an. Ó kó o fún oníbàárà, ó gba owó, ó lọ jẹun. Àwọn ọmọ JAMB dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn bá wọn tẹ ìbéèrè àtijọ́ ìwé ńlá kan, ojú ìwé lórí ojú ìwé, ẹ̀dà lórí ẹ̀dà. Ọ̀rọ̀ dúdú ló ń jáde, kò sẹ́ni tó fura pé awo ló ń tẹ̀ ẹ́. Owó dudu la gbà, íǹkì awo la ná. Nígbà tí mo ti Ọjà'ba dé, mo gbọ́ ohùn ẹ̀rọ láti ẹnu ọ̀nà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ohùn dudu.

Ohun tó yẹ kó kọ kò ju ìlà kan lọ:

LPDEST=awo ./tewe etomogaji.pdf

LPDEST ni orúkọ tí lp ń wò láti mọ ẹ̀rọ tí yóò lò. tewe kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó mọ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ òbí, ó fi lé lp tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, iṣẹ́ náà jáde ní awo, èyí tó tẹ̀ lé e padà sí dudu fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí ohunkóhun. Àwọn kan á ní lp náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tí èèyàn lè fi dárúkọ ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, ó ní i. Ṣùgbọ́n inú tewe ni lp wà, ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́ kò tó o. Environment ló ń dé ibi tí ọwọ́ kò dé.

Orúkọ títò ló tún bí ìjà kejì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wá kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọkùnrin mi kan ti kà níbì kan pé bí èèyàn bá fi LC_ALL=C sí ẹ̀rọ, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ èdè tí à ń lò, sort á yára sí i. Òótọ́ ni, ó ń yára. Ó wá lọ kọ ọ́ sínú fáìlì .bashrc, tí terminal máa ń kà nígbàkigbà tí a bá ṣí i, kó lè máa wà níbẹ̀ títí. Ṣé ẹ mọ ohun tí C ń ṣe? Nọ́ńbà tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ lẹ́tà ló ń wò, kì í wo lẹ́tà fúnra rẹ̀. Adéọlá ṣe ipò kìíní, Zainab tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn Zainab ni gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní àmì ní ìbẹ̀rẹ̀ tò sí: Àbẹ̀kẹ́, Ṣadé, Ẹniọlá, Ọláwálé. Kódà Ṣadé ṣáájú Ẹniọlá! (Àwa ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n ń fi «sé o rí i» dá lápàárà, ó yẹ kí inú wa dùn pé kọ̀ǹpútà náà kò mọ ibi tó yẹ kó fi ṣ sí.) Ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ náà, tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ta ló wá fi òun sí ìsàlẹ̀ gbogbo èèyàn bí ẹni tó jẹ gbèsè? Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n sọ fún wọn pé C ni?

Yorùbá wà nínú kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀, ó ń sùn. yo_NG ni orúkọ rẹ̀. Lórí Ubuntu, ẹ kọ sudo locale-gen yo_NG lẹ́ẹ̀kan péré, á jí. Lẹ́yìn náà:

LC_ALL=yo_NG sort oruko.txt

Àbẹ̀kẹ́ padà sí ọ̀dọ̀ Adéọlá, Ẹniọlá bọ́ sí àyè E, Ọláwálé bọ́ sí àyè O, Zainab sì padà sí ìparí tó jẹ́ tirẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kí ẹ̀rọ fi fáìlì méjì wéra, C náà ni n ó kọ síwájú sort, torí bákan náà ni C ń rí lórí gbogbo ẹ̀rọ, ó sì yá. Èyí tí èèyàn yóò kà, Yorùbá. Èyí tí ẹ̀rọ yóò kà, C. Àṣẹ kan náà ni, iṣẹ́ ló yàtọ̀.

yo_NG yìí kan náà ló ń sọ orúkọ ọjọ́. Ẹni kan wá tẹ ìwé ìrántí, ó fẹ́ mọ ọjọ́ wo gan-an nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi Ọba Owólabí Ọlákùléhìn jẹ Olúbàdàn ní Mápó, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2024. Mo kọ LC_ALL=yo_NG date -d 2024-07-12 +%A, ó dáhùn pé Ẹtì. Oníbàárà náà wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó ní òun kò mọ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún kọ̀ǹpútà tò láéláé o. Ohun tó jẹ́ ti ìlú tí ẹ̀rọ ń gbé, kí ó wà níbẹ̀ títí. Tokunbọ̀ tó bá wọlé, sudo timedatectl set-timezone Africa/Lagos ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kí a sì fi en_NG, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà, sí LC_PAPER kó mọ̀ pé A4 là ń lò. Aago àti ìwé kò yí padà láti oníbàárà sí oníbàárà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èdè iṣẹ́, aago àlejò, wọ́n ń yí padà. Ibi tí ọ̀gá púpọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n fi Chicago sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n wá lọ ń yí èyí tó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ di àìkú.

Àwọn tó ń lo Windows á bi mí pé àwọn ńkọ́. Nínú fèrèsé àṣẹ tiwọn, set ni wọ́n ń kọ, ohun tí wọ́n bá sì kọ yóò wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi ti fèrèsé náà pa. Wọn kò ní èyí tí à ń kọ síwájú àṣẹ kan. Kí wọ́n máa ti fèrèsé pa, kí wọ́n sì jìnnà sí setx, torí inú ẹ̀rọ ni ìyẹn ń lọ jókòó sí.

Ewu wà nínú environment fúnra rẹ̀ náà. Ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ṣọ́ọ̀bù sínú .bashrc kí ó má baà máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Gbogbo prógíráàmù tí ó bá ṣí láti ibẹ̀ ló ń jogún rẹ̀, títí dé èyí tó gbé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lánàá. Ọ̀rọ̀ ìwọlé níwájú àṣẹ náà kò sàn, torí terminal ń kọ gbogbo ìlà tí a tẹ̀ sínú fáìlì ìtàn rẹ̀. Kí prógíráàmù béèrè, kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni ayé gbọ́ nípa àléébù tí wọ́n sọ ní Shellshock, tí Stéphane Chazelas rí nínú bash, prógíráàmù tó ń gba àṣẹ wa ní terminal. Bash ń ka environment tó jogún, bí ó bá sì bá ohun tó jọ iṣẹ́ níbẹ̀, ó ń ṣe é láìbéèrè ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ọ̀daràn lè ti òkèèrè rán ọ̀rọ̀ wọlé sórí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àléébù náà ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣí prógíráàmù tí mi ò mọ̀ láìkọ env -i síwájú rẹ̀, kó bọ́ sáyé láìjogún kọ́bọ̀.

Kí ọmọ-iṣẹ́ mi tó gba fúríídọ́ọ̀mù, mo máa ń gbé tokunbọ̀ kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí síwájú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi aago àti ìwé wa sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kó kọ env sínú fáìlì kan. Ó máa tẹ ìwé ètò kan ní awo, ó máa to orúkọ ẹgbẹ́ kan ní Yorùbá, ó máa sọ aago Lọ́mẹ́ fún mi. Bó bá parí, á ṣí terminal tuntun, á tún kọ env sínú fáìlì kejì, èmi á sì wá àwọn orúkọ bíi TZ, LC_ALL àti LPDEST nínú méjèèjì. Bí ọ̀kan bá wà nínú èkejì tí kò sí nínú èkíní, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ mi ní ìdánwò náà ti le jù fún ọmọ tó fẹ́ máa tẹ ìwé ìpè. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ nínú wọn ti rán ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ sí mi láàárọ̀ yìí, pé kí n kọ ìlà LPDEST yẹn sílẹ̀ fún òun.